Irin Nípò Bàbà

Bíríkì ni wọ́n fi fọ́ orí ẹ̀gbọ́n mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kà á má baà máa retí pé ó máa yè. Kò yè. Àmọ́ ó lo ayé kó tó kú. Bó ṣe lò ó ni mo fẹ́ kọ. Mi ò ní kọ ọ́ gùn.

Atampugre lorúkọ rẹ̀. Lédè àwa Frafra, ààtàn ni. Ìyá wa ti ń bímọ, ó ti ń sin wọ́n, kó tó kan ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n gbé e lọ sórí ààtàn ẹ̀yìn agboolé, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí àkúfọ́ igbá. Obìnrin kan tí kì í ṣe ẹbí wá gbé e, ó tà á padà fún ìyá wa. Ikú wá a dé ilé, kò bá ọmọ kankan, ààtàn ló bá. Bó ṣe yè nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bí èmi Aberinga tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó tún gbé mi lọ síbì kankan. Ó ti la ọ̀nà sílẹ̀.

Ìjà ló gbé wọ Accra. Ọmọlanke ló kọ́kọ́ ń tì. Bí èèyàn bá ní ọmọlanke gbá òun lẹ́sẹ̀, tó sì fi ìbínú na ọwọ́ sí i, ọwọ́ yẹn kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín bó ṣe lọ. Ọkùnrin kan wà nídìí ọkọ̀ Kumasi títí dòní tí etí ọ̀tún rẹ̀ kò pé. Eyín ẹ̀gbọ́n mi ló gé e. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé.

Ó ní, "Ó bú ìyá wa."

Ó tán.

Nígbà tó yá, a bọ́ sí ọgbà kọ̀ndẹ́mù létí odò dúdú yẹn, ibi tí gbogbo ohun tó ti kú nílùú òyìnbó ti ń wá sùn. Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà. Òòlù ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀. Èèyàn á gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, á fọ́ ọ lágbárí, á fa ìfun rẹ̀ jáde, á ya irin sọ́tọ̀, á ya alumíníọ̀mù sọ́tọ̀. Bàbà lọba. Nítorí bàbà la ṣe ń sun wáyà, kí rọ́bà lè jó kúrò lára rẹ̀. Èéfín ibẹ̀ dúdú, ó wúwo, ó ń wọ inú oúnjẹ. Tí a bá tutọ́, itọ́ wa dúdú. Nítorí bàbà náà ni wọ́n ṣe ń gún ara wọn. Mo ti rí ọmọkùnrin tí wọ́n ki irin bọ̀ níkùn nítorí wáyà tí kò kún ọwọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń bi wá pé ṣé ó jìn.

Gbogbo wa la ní òòfà. A máa ń yọ ọ́ lára gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́, a ó so ó mọ́ okùn, a ó máa wọ́ ọ nílẹ̀. Irin á lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nìyẹn, ọmọ tó dé lánàá mọ̀ ọ́n.

Lamisi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, bí ọmọbìnrin kan sínú èéfín yẹn. Ayinpoka. Ọmọ náà ń wúkọ́ bí arúgbó. Lọ́jọ́ kan Lamisi di ẹrù.

Ó ní, "Bàbá Ayinpoka, à ń lọ sílé. Ọjọ́ tí ẹ bá bọ́ síbi tí kò sí èéfín, ẹ ránṣẹ́ pè wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lára yín, ẹrù orí mi ò ní kanlẹ̀ tí màá fi padà."

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá láyé: ibi tí kò sí èéfín.

Ó yẹ kí n sọ ti Bayuo báyìí. Mi ò fẹ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ fò ó.

Ìjà ló pa òun àti ẹ̀gbọ́n mi pọ̀. Bayuo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọgbà, ó fa wáyà tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọ àdá. Àdá ti wà lókè. Bayuo wo àdá, ó wo ilà ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ Frafra ajorí-ajá yìí, olówó rẹ lo yọ àdá sí? Sọ ọ́ kalẹ̀, kó o wá nu bàtà mi."

Àdá dúró lókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ Dagaaba ni ẹ́?"

"Kí lo rò? Ta ló tún lẹ́wà tó báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ju àdá nù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹrú! Ẹrú baba mi! Ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ jáde sí gbangba?"

Bó ṣe rí láàárín àwa àti Dagaaba nìyẹn, àwọn baba wa ló so ó bẹ́ẹ̀. Ẹrú ara wa ni wá. Ó lè bú baba mi, èmi náà á bú tirẹ̀. Ó lè wọlé mi kó mú ẹran inú ìkòkò, kò jalè. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Ẹni tó bá sì dákẹ́ tí kò bú ẹnìkejì rẹ̀ mọ́, ọ̀tá ló dà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ìkejì jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni Bayuo ti ń jẹun. Bó bá bá wa nídìí tùwó, á fa ẹran yọ nínú àwo ẹ̀gbọ́n mi, á ní, "Ẹrú kì í jẹ ibi tó lọ́ràá." Ẹ̀gbọ́n mi tó gé etí ọmọlọ́mọ jẹ, ẹ̀rín ló máa rín.

Akẹ́kọ̀ọ́ fáṣítì kan tó ń wá ra páàtì kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa ló fi Línúùsì han ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan nínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Wíńdò tuntun, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, kì í gbà láti wọ ara kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà. Ó wúwo jù fún un. Línúùsì fúyẹ́. Ó dà bí ẹ̀kọ gbígbóná, ẹni tí kò léyín lè mu ún. Inú fíláàṣì ló máa ń wà. Wọ́n á ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ á máa sáré lójú rẹ̀. Tó bá ṣe tán, òkú ti dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ní sùúrù fún alààyè, ó ní in fún àwọn òkú yìí. Á jókòó tì wọ́n, á máa ka ọ̀rọ̀ ojú wọn pẹ̀lú ìka, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí a kà ò pọ̀. Tí ọ̀kan bá ń lọ́ra, á gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dìde, ọ̀lẹ!" Òun kọ́ ló ń jí i, ṣùgbọ́n ó máa ń dìde.

Ìgbà yẹn ni Mísítà Okai wá. Tíṣà ni, ní ilé ìwé kan lápá etí òkun. Ó ní òun fẹ́ kọ̀ǹpútà márùn-ún, owó tuntun ò sí. Tí wọ́n bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ṣe wọ́n ni yóò máa tọ́jú wọn, kọ́kọ́rọ́ yàrá á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa gba owó oṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé yàrá yẹn ní fèrèsé, sà?"

"Ó ní."

"Kí lẹ ń rí níbẹ̀?"

Mísítà Okai wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ò pé. "Òkun."

Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó nà án sí i.

Tíṣà ní, "Márààrún o, Atampugre. Ọ̀gá ilé ìwé ò ní gba mẹ́rin. Ó ní ẹlòmíì tó fẹ́ gbé iṣẹ́ yẹn fún. Lọ́jọ́ Jímọ́ ni màá wá wò wọ́n."

Inú Bayuo dùn ju tiwa lọ. Ó ní, "Ọjọ́ tó o bá gba kọ́kọ́rọ́, màá pa ajá fún ẹ."

"Ta ló máa jẹ orí rẹ̀?"

"Ìwọ náà ni! Ta ló tún ń jẹ irú ẹ̀?"

"Irọ́! Orí ajá ni wọ́n fi fẹ́ ìyá ìyá ẹ. Wọ́n mú ìrù kún un, bàbá ẹ̀ ní ó ti pọ̀ jù."

A rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà ní búkà iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ tiwa fi ní ká dákẹ́.

Mẹ́rin dìde láìjanpata. Ìkarùn-ún ló di ọ̀ràn. Òun ló dàgbà jù, dúdú, ó tóbi bí àpótí ẹrù ìyàwó. Iná rẹ̀ á tàn. Ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Tó bá dé ìdajì, pàá, á ṣókùnkùn. Kò ní kérora. Bí ìgbà tí wọ́n gbá èèyàn létí tó ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fíláàṣì ló bàjẹ́." Ó fi Línúùsì sí fíláàṣì míì. Ó kú.

"Ráàmù ni." Ráàmù ni pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ó yọ ọ́, ó fi rọ́bà ìpawé nu eyín wúrà rẹ̀, ó dá a padà. Ó kú. Ó yọ ti ẹ̀rọ kẹrin, ó fi sí i. Ó kú.

"Háàdì ni." Ìyẹn ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó mọ̀ pamọ́ sí. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó kú. Ó pààrọ̀ àpótí tó ń pín iná. Ó kú.

Ó dìde, ó gbá a ní ẹ̀ṣẹ́. Awọ oríkèé ìka rẹ̀ bó. Ẹ̀jẹ̀ kán sára ẹ̀rọ náà, kò nù ún.

Bayuo gbé orí bọ ẹnu ọ̀nà búkà wa, òòfà rẹ̀ ń fì lórí okùn. "Frafra, ibà ló ń ṣe é. Wẹ̀ ẹ́ lómi tútù."

"Kúrò níbẹ̀, ẹrú."

"Tàbí kí n fi òòfà mi wò ó fún ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. "Gbé e jìnnà! Òòfà ń pa háàdì! Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?"

"Òòfà kan ṣoṣo. Màá kàn fi kàn án lẹ́ẹ̀kan ni."

"Kọ̀ǹpútà kì í ṣe kọ̀ndẹ́mù. Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ yín mọ́."

Bayuo fi ọwọ́ di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Mo rò pé ẹ̀rín lásán ni. Láti ọjọ́ tí tíṣà ti wá ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ òòfà tirẹ̀ sínú odò. Ó ní òun ò ní tún wọ́ nǹkan nílẹ̀ mọ́ láyé.

Oorun kúrò lójú rẹ̀. Ó gbá mi létí nítorí mo ní kó jẹun. Ó fi òòlù lé ọmọ Hausa kan tó wá yá iná débi odò. Ojú rẹ̀ pọ́n. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ó pe mí.

"Aberinga, o ò rí i? Ní àárọ̀, ó máa ń rìn jìnnà kó tó kú. Lọ́sàn-án, kì í tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Oòrùn ló ń sá fún."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ló ń sá fún oòrùn?"

"Dákẹ́, kí n rò ó."

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́, ọyẹ́ mú. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó lọ gbé ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ kìíní. Ó padà.

"Ìyẹn ń mí gbígbóná. Èyí ń mí tútù. Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ tútù ni, bíi ti ilé tí kò séèyàn.

Ó ki ìka bọ inú rẹ̀, lábẹ́ fáànù. Ó kígbe. Awọ ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́bẹ̀.

"Ooru wà nínú. Kò rọ́nà jáde ni. Òun ló ń pa á!"

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbé alumíníọ̀mù lé e lórí, fáànù lórí ìyẹn. Nínú àwọn àgbàlagbà bí èyí, bàbà rìbìtì kan wà láàárín alumíníọ̀mù náà, òun ló ń fa ooru gòkè fún fáànù. Ẹ̀gbọ́n mi tú u. Ọ̀rá funfun tí wọ́n fi ń pa á ló bo ìdí rẹ̀. Ó fi sikúdíráfà ha ọ̀rá náà kúrò. Ó yẹ kí ibẹ̀ pọ́n. Kò pọ́n. Eérú ló jọ.

"Fún mi ní òòfà rẹ."

Mo fún un. Òòfà fò mọ́ ọn, ó dún kó.

Irin. Ẹnì kan ti lu bàbà jáde, ó gé irin sí ìwọ̀n rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ọ̀nà. Bayuo ni. Ó fara ti òpó, omijé ẹ̀rín ń já bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó rí i! Frafra rí i! Mo ti rò pé títí ajá á fi hu ìwo ni! Mo ní n fi òòfà wò ó fún ẹ, o ní o ti di òyìnbó!"

Eré ni. Mo ti mọ̀ báyìí pé eré ni. Eré ẹrú sí olówó rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n mi á rí i ní wéré, bí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà wa ṣe máa rí i, á bú u, òun á dá bàbà padà, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti fi ojú ọgbà sílẹ̀, ojú tíṣà ló ń lò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò tíì sùn. Ìka rẹ̀ ti jó. Jímọ́ ni. Fèrèsé yẹn ló ń rí. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ti ẹnu Frafra jáde sí Dagaaba ló jáde.

"Olè! Bayuo, olè ni ẹ́! Olè!"

Bayuo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣe láàárín wa. Àmọ́ àwa nìkan kọ́ la wà nínú ọgbà.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní ọgbà wa kò mọ bí òòlù ṣe máa ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dákẹ́. Ẹsẹ̀ ló kù tó ń dún.

"Níbo ló wà?"

"Òun nìyẹn, tó ń rẹ́rìn-ín!"

"Ó ń rẹ́rìn-ín? Màá yọ ẹ̀rín lẹ́nu ẹ!"

Ẹnì kan fi irin gbá a lẹ́sẹ̀. Ó ṣubú. Wọ́n ya àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bàbà rìbìtì náà yí jáde, ó ń dán, ó yí débi ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ni irin. Kò tíì tà á. Ó ń gbé e káàkiri láti dá a padà ni.

"Ẹ wò ó! Bàbà rèé! Olè gidi ni! Ẹ mú táyà wá!"

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ìbínú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ojú ti mọ ohun tó ṣe. Ó gba òòlù, ó fò wọ àárín wọn. Mo fò tẹ̀lé e.

Ó fọ́ ọwọ́ ọkùnrin tó ni irin. Mo gbọ́ ọ bó ṣe kán, bí igi gbígbẹ. Ó fọ́ ẹnìkan léjìká. "Ẹrú mi ni! Ẹ gbọ́! Èmi ni mo ni bàbà, ẹrú mi ni, eré ni a ń ṣe! Ẹrú kì í ja olówó rẹ̀ lólè!"

"Ẹrú? Èwo ni ẹrú?"

"Ìwọ lo pariwo olè, ìwọ lo tún ń gbè é? Ẹ jọ jí i ni!"

"Ẹ lu àwọn méjèèjì!"

Wọn kì í ṣe ará apá ibi tí a ti wá. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ. Irin bà mí lẹ́nu, eyín iwájú mi bọ́. Mo gé ọwọ́ ẹnìkan jẹ, mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tèmi wò. Wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó dojú bolẹ̀ lórí Bayuo, ó fi gbogbo ara bò ó bí ìyá adìẹ. Wọ́n ń lu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń bú Bayuo lábẹ́ rẹ̀. "Fa orí sínú, ẹrú! Fa orí burúkú ẹ sínú!"

Ẹnìkan gbé bíríkì. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti wá a, mi ò rí i. Ó gbé e ga pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n túká bí ẹni pé òjò ló dé. Kò pẹ́, òòlù tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé àwọn méjèèjì sórí ọmọlanke. Apá Bayuo ti ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè rìn. Mo ń tì wọ́n lọ sí ọsibítù, àwọn mọ́tò ń fọn fèrè sí wa. Bàbà ti wà lọ́wọ́ Bayuo, mi ò mọ ìgbà tó he é.

Ó ń sunkún, ó ń bú u. "Frafra, lajú. Ajorí-ajá. Ṣé ìwọ lo máa sùn níṣojú olówó ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹrú."

"Mo wà níbí."

"Bàbà mi dà?"

Bayuo fi í sí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ló la ìka rẹ̀, ó kó bàbà náà fún mi. Ó ṣì gbóná díẹ̀.

Mísítà Okai dé lọ́sàn-án, ó bá ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ó bá kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ó ní òun á bẹ ọ̀gá ilé ìwé kó dúró de ìgbà tí a bá sìnkú dé.

Mi ò bá Bayuo sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fi bàbà sí àpò. Mo ti pinnu ohun tí màá fi í ṣe. Ó bá ọwọ́ mu, ó wúwo. Bàbà yìí ni màá fi fọ́ ọ lórí.

A gbé òkú lọ sílé, sí abúlé wa lẹ́bàá Bongo. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ ní ọsibítù, wọ́n ti wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun. Lamisi ń bọ̀ láti odò, ìkòkò omi lórí rẹ̀, nígbà tí a gbé e wọ agboolé. Kò kígbe. Ó wá tòun ti ìkòkò lórí, ó tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ àyà ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Kò sí èéfín lára yín."

Ó sọ ìkòkò náà kalẹ̀.

Sàréè ilé wa kì í gbòòrò. Ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu kànga kékeré, inú ló fẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán nígbà tí Bayuo dé. Iṣẹ́ ẹrú ni lọ́jọ́ ikú: kó wá ṣe bí olóògbé, kó mú àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, kó dí ìsìnkú lọ́wọ́ títí wọ́n á fi tù ú lójú. Ó gbé apá kan kọ́ ọrùn, ó ń tiro. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wọ̀. Ó gbé igbá ńlá kan kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń fi ìka ka ara igbá bí ẹni ń kàwé, ó di ojú pọ̀. Lójijì ó gbá igbá náà. "Dìde, ọ̀lẹ!"

Àwọn èèyàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Òun gan-an ni. Lamisi ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó dìde, ó lọ síbi sàréè, ó ki ẹsẹ̀ bọ ẹnu rẹ̀, ó jókòó sí i. Ọ̀nà dí.

Àwọn àgbà ní, "Dagaaba, kí lo fẹ́?" Wọ́n fún un ní ẹtù. Kò gbà á. Wọ́n gbé pito wá, igbá kan, ìkejì. Ó mi orí.

"Mi ò fẹ́ ọtí. Aberinga ni mo ń dúró dè. Láti ọjọ́ náà, kò tíì bú mi."

Ẹ̀rín dá. Gbogbo wọn wò mí. Wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Mo jáde. Bàbà wà lọ́wọ́ mi. Mo dé iwájú rẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè. Ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Kò gbé apá tó dára sókè láti fi bo orí. Ó kàn di ojú.

Ọwọ́ mi wà lókè. Àgbàlagbà kan pe orúkọ mi. Mò ń wo àárín orí rẹ̀, ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi ara bò. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Irun rẹ̀ pé. Òun ni ẹ̀gbọ́n mi fi orí tirẹ̀ rà. Tí mo bá fọ́ ọ, kí ló rà?

"Dìde níbẹ̀," mo ní. Ohùn mi ò jáde dáadáa nítorí eyín. "Ẹrú. Ajorí-ajá. O dí ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi."

Ó la ojú. "Tún un sọ."

"Ìdí ẹ bí ìdí ìkòkò! Dìde!"

Ó na ọwọ́ sí mi, mo fà á yọ. A sìnkú.

Nígbà tí a padà sí Accra, mo lu irin yẹn jáde, mo tẹ bàbà bọ àyè rẹ̀. Mo fi ọ̀rá tuntun pa á, mo gbé e lé ọpọlọ kọ̀ǹpútà, mo gbé fáànù lé e. Mo ki fíláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bayuo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ṣé kí n wọlé?"

"Fi òòfà yẹn síta, ẹrú."

Ó fi í síta. Ọ̀rọ̀ ń sáré lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ mi ò lè kà. Ó dé ìdajì. A ò mí. Ó kọjá ìdajì. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lórí páànù, àwọn tó ń sun wáyà ti bẹ̀rẹ̀, èéfín ń wọlé bá wa. Bayuo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́. Kò sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ.

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ gbóná. Bayuo náà gbé tirẹ̀ wá, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. A fi ọwọ́ síbẹ̀ títí Mísítà Okai fi dé.